Àyẹ̀wò ihò ìdí pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá: ohun tí mo rí ní ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní gbangba. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní agbègbè Òkè-Fíà, ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ pé àwọn obìnrin ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ jù lọ. Awò tí wọ́n fi ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wò ni wọ́n ti ń lò báyìí láti fi yẹ inú ihò ìdí wò pẹ̀lú, kí wọ́n lè tètè rí àyípadà tí ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní àléébù láti sọ nípa wọn, àwọn àléébù náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dára gan-an ni, ó sì wù mí kí àwọn tí ó kàn mọ̀ pé ó wà.

Obìnrin tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 45 ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n rí àyípadà onípele gíga ní ẹnu ilé ọmọ mi, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Dókítà tí ó ń bójú tó mi láti ìgbà náà ni ó sọ fún mi pé fáírọ́ọ̀sì HPV tí ó fa tèmi náà ni ó ń fa nǹkan bíi 9 nínú jẹjẹrẹ ihò ìdí 10, àti pé ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HPV 16 ni ó máa ń wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù. Kò dẹ́rù bà mí, kò sì fipá mú mi. Ó ní kí a jọ rò ó, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri àgbáyé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yìí gbé ìmọ̀ràn jáde ní ọdún 2024 pé obìnrin tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 45, kí òun àti dókítà rẹ̀ jọ jíròrò bóyá àyẹ̀wò náà yẹ ẹ́. A jíròrò, mo sì gbà láti lọ.

Kí n tó sọ bí ó ṣe rí, mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ṣe sí àìsàn ihò ìdí ní ìlú wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, tàbí bí ibẹ̀ bá ń yún ènìyàn, tàbí bí nǹkan bá wú síbẹ̀, jẹ̀dí-jẹ̀dí ni gbogbo ènìyàn yóò pè é kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ẹni tí ó bá gba Ọjà Ìgbọ́nà tàbí Old Garage kọjá ní òwúrọ̀ yóò rí àwọn ìyá alágbo tí wọ́n to ìgò sórí tábìlì, jẹ̀dí nínú ọ̀kan, ọ̀pá-ẹ̀yìn nínú èkejì, ibà nínú ẹ̀kẹta, àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà á sì dúró mu tiwọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N kò bú àgbo. Jẹ̀dí wà lóòótọ́, òun ni ó sì sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé jẹjẹrẹ ihò ìdí náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó máa ń yúnni, ó máa ń ta kókó, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ kì í fi àmì kankan hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe kò sì lè fi bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí jẹ̀dí. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mu àgbo tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìka kan yẹ wọ́n wò.

Ìmúrasílẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn kò ní kí n gbààwẹ̀, wọn kò sì fún mi ní oògùn tí ń fọ inú. Nọ́ọ̀sì tí ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní kí n má ṣe fi ohunkóhun sí ihò ìdí fún wákàtí 24 ṣáájú, ìbáà jẹ́ oògùn, ìbáà jẹ́ òróró. Ó béèrè bóyá iodine máa ń bá mi lára jà, ó sì béèrè bóyá mo ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìbéèrè méjèèjì yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé wọ́n ń lo iodine níbi àyẹ̀wò náà, wọ́n sì lè gé ẹran kékeré lára ènìyàn. Ilé ìwòsàn tí kò bá béèrè wọn kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn kò tíì ṣe tán.

Nígbà tí mo dé inú yàrá, wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí n ká orúnkún sókè. Mo rí i pé ojú ń tì mí, nọ́ọ̀sì náà sì rí i. Ó da aṣọ bò mí láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ wa nìyí, kò sí ohun tí a kò tíì rí." Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún mi kí ó tó ṣe é, láìyẹ ọ̀kankan. Òwú orí igi tí ó fi omi rin ni ó kọ́kọ́ lò láti gba sẹ́ẹ̀lì tí wọn yóò gbé lọ sí láàbù. Ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣe èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé ohun tí wọ́n máa ń fi pa ìbọ̀wọ́ kí ó lè yọ̀ lè ba àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan yẹ ibẹ̀ wò yípo, ó ń wá kókó tàbí ibi tí ó bá le. Ìka yìí nìkan, láìsí awò rárá, ti tó láti rí jẹjẹrẹ tí ó bá ti di kókó, kò sì sí ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí kò ní ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni ó wá ti ọ̀pá ike kékeré kan tí ó ní ihò láàárín wọlé, ó ti fi oògùn tí ń mú kí ibẹ̀ kú díẹ̀ pa á lára. Ara mi le fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ní, "Ẹ mí kanlẹ̀, mà, kí ẹ dà bí ẹni tí ó fẹ́ yàgbẹ́," ó sì wọlé. Ó gba inú rẹ̀ ti òwú tí wọ́n ti rẹ sínú ásíìdì tí ó wà nínú fínígà, ó yọ ọ̀pá náà, ó fi òwú sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ó ta mí díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yọ òwú náà tí ó sì dá ọ̀pá padà, ó fa awò rẹ̀ súnmọ́ mi, àwòrán inú ara mi sì jáde sórí tẹlifíṣọ̀n tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ibí yìí ni mo ti lóye ìdí tí ojú lásán kò fi tó. Ọ̀nà ihò ìdí kò gùn, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ṣùgbọ́n ó ká jọ pẹ̀lú ìṣẹ́po tí ó pọ̀. Ní apá òkè rẹ̀, ibì kan wà tí ara tí ó jọ ti inú ìfun ti pàdé ara tí ó jọ awọ ìta, ibi ìpàdé yìí sì ni HPV fẹ́ràn láti jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣe ní ẹnu ilé ọmọ. Àyípadà tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ara tí ó yí i ká. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, kò sí ohun tí a máa rí. Ásíìdì náà ni ó ń mú kí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti yí padà funfun, awò ni ó sì ń mú kí funfun náà tóbi tó láti dá mọ̀. Dókítà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára awò tí ó kéré, ó wo yíká, kí ó tó gbé e sókè títí ohun tí ó ń wò fi di ìlọ́po 16, àti lẹ́yìn náà ìlọ́po 25. Ó ń ṣí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú orí igi, kò kánjú. Ó fi apá kan hàn mí tí ó funfun bíi ti àmì àbààwọ́n, ó ní kí n wo àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá tò bí àmì tóótòòtó tàbí bíi táìlì ilẹ̀, ìfura rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó fi iodine kùn ún. Ara tí ó dára ní apá ìsàlẹ̀ di àwọ̀ búráùn tí ó ṣú, ṣùgbọ́n apá funfun náà kò gba iodine dáadáa, ó kù ní àwọ̀ ìyeyè.

Irú awò yìí, tí wọ́n ń pè ní colposcope, kì í ṣe ohun tuntun. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Hinselmann, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní 1925, fún ẹnu ilé ọmọ. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní ọ̀dọ̀ wa ni pé kí ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń fi í wo ihò ìdí, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn, nítorí pé àwọn ìṣẹ́po, jẹ̀dí àti ìgbẹ́ díẹ̀ tí ó bá kù lè bo ohun tí a ń wá mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò fún ilé ọmọ kò ní ṣàdédé mọ̀ ọ́n lò fún ibí yìí. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà náà ibi tí ó ti kọ́ ọ, ó dá mi lóhùn tààrà, ó sì sọ pé òun ṣì máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun bí ohun tí òun rí kò bá dá òun lójú. Ìdáhùn yìí mú kí n túbọ̀ fọkàn tán an.

Ó gé ẹran méjì, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aṣọ lọ, láti ibi tí ó fura sí. Òkè ọ̀nà ihò ìdí kò ní ìmọ̀lára ìrora, nítorí náà ti ibẹ̀ kò dùn mí rárá. Ìsàlẹ̀ ní ìmọ̀lára gidi, ó sì gún mi ní abẹ́rẹ́ tí ó mú kí ibẹ̀ kú kí ó tó gé èkejì. Abẹ́rẹ́ náà ni ó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, n kò ní purọ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ìwé ìnùdí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún mi, ó sì dá.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ pé awò kọ́ ni ó ń dájọ́. Ibi tí ó yẹ kí a gé ni awò ń tọ́ka sí. Láàbù ni ó ń sọ bóyá àyípadà náà jẹ́ onípele kékeré, tí kò léwu púpọ̀, tàbí onípele gíga, tí ó lè di jẹjẹrẹ bí a bá fi í sílẹ̀. Tèmi jẹ́ onípele kékeré, wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Mo mọrírì èyí, nítorí pé ilé ìwòsàn tí ó ń wá owó nìkan ì bá ti sọ pé kí a fi iná jó o.

Fún àwọn tí tiwọn bá jẹ́ onípele gíga, ẹ̀rí wà nísinsìnyí pé ó dára kí a tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìwé New England Journal of Medicine gbé àbájáde ìwádìí ANCHOR jáde, èyí tí Joel Palefsky ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ lé ní 4,400, gbogbo wọn ní HIV, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 35 sókè, wọ́n sì ti rí àyípadà onípele gíga ní ihò ìdí wọn. Wọ́n tọ́jú apá kan, èyí tí ó pọ̀ jù nípa fífi iná jó ojú ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ apá kejì. Ènìyàn 9 ni jẹjẹrẹ mú nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú, 21 nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, èyí já sí pé ìtọ́jú náà dín ewu kù pẹ̀lú 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mo ti ń ka iye yìí, ohun méjì ni ó hàn sí mi. Èkíní ni pé ìtọ́jú náà wúlò. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọn kò tọ́jú pàápàá kò ní jẹjẹrẹ ní àkókò ìwádìí náà, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ó bá gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ sílé kí ó máa sunkún bí ẹni tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún.

Ní ti àléébù, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ó jókòó sí iwájú ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo wá ṣe ní ohùn tí gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí àga gbọ́, nígbà tí mo sì dáhùn jẹ́jẹ́, ó tún un sọ sókè kí ó lè dá a lójú. Obìnrin kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yí ojú kúrò. Fún àìsàn tí ìtìjú ti ń dá àwọn ènìyàn dúró sílé, ohun kan ṣoṣo yìí tó láti lé ẹni mìíràn padà sọ́dọ̀ alágbo. Kí wọ́n fún wa ní ìwé kékeré láti kọ ìdí tí a fi wá, ó ti parí. Ibi tí a ti ń bọ́ṣọ pẹ̀lú, kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó wà níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó ni èkejì. Iye tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù kò ju ti àyẹ̀wò lọ. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé owó láàbù wà lọ́tọ̀, àti pé ẹran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé ní owó tirẹ̀. Wọ́n fún mi ní rìsíìtì fún gbogbo rẹ̀, n kò sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka owó sápò láti ilé lè dé ibẹ̀ kí ó sì ní kí wọ́n má gé ohun tí ó yẹ kí wọ́n gé. Èsì náà pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n dá fún mi lọ, nítorí pé wọ́n ń gbé e kúrò ní Òṣogbo lọ sí ibòmíràn. Èmi ni mo ń pè wọ́n, wọn kò pè mí. Àwọn tí ó ń dúró de irú èsì yìí kì í sùn dáadáa, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn mọ èyí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò àyẹ̀wò yìí. Àwọn tí ìmọ̀ràn ọdún 2024 náà kọ́kọ́ tọ́ka sí ni ọkùnrin tí ó ní HIV tí ó sì ń bá ọkùnrin lò pọ̀, láti ọmọ ọdún 35, àti àwọn yòókù tí wọ́n ní HIV, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ọmọ ọdún 45. Obìnrin tí ó ti ní jẹjẹrẹ tàbí àyípadà onípele gíga ní ojú ara rẹ̀ níta wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí ẹ̀yà ara mìíràn fún, bí ó bá ti pé ọdún 10 lẹ́yìn náà. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń dà á láàmú, tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà, tí ó sì ń rù, ìfun ńlá rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n fi awò gígùn wò, nítorí pé awò tí mo ń sọ yìí kò rí ohun tí ó wà lókè. Bí wọ́n bá sì rí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn yìí kì í tọ́jú rẹ̀, wọ́n á kọ ìwé fún aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni, irú bíi UCH ní Ìbàdàn tí ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán, nítorí pé ìtànṣán pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wọ inú ètò àjẹsára Nàìjíríà láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á.

Èmi yóò padà lọ ní àkókò tí wọ́n dá fún mi, ọ̀dọ̀ dókítà kan náà. Ẹni tí ó bá ń wá irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo tàbí ní àyíká rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó sì béèrè bóyá dókítà tí yóò yẹ òun wò ti kọ́ bí a ṣe ń fi awò náà wo ihò ìdí ní pàtó, láàbù wo ni yóò ka ohun tí wọ́n bá gé, ìgbà wo ni èsì yóò jáde, ta ni yóò pe aláìsàn, àti pé èló ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó láàbù. Bí wọn kò bá lè dáhùn ti dókítà àti ti láàbù, kí ó wá ilé ìwòsàn mìíràn.